Iná àti Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún Tábìlì Yàrá Ìpàdé

Tábìlì ṣeé gbé, ilé kò ṣeé gbé. Wáyà tó wà nínú ilẹ̀ àti ògiri, ti ilé ni, kò sì gbọdọ̀ mì. Èyí tó wà lára tábìlì, wọn yóò fà á, wọn yóò tì í, wọn yóò sì gbé e lọ sí yàrá mìíràn lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá ní òun fẹ́ tún ọ́fíìsì tò. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni kí ẹ fi ojú sí jù lọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ènìyàn lè fi ọwọ́ lásán yọ, láìpe oníṣẹ́ iná. Tábìlì tí wọ́n bá so wáyà rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pátápátá, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tì í, wáyà yóò já nínú, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ẹnì kan yóò fi fọwọ́ kan irin ẹsẹ̀ tábìlì.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni yàrá ìpàdé ènìyàn méjìlá nínú ilé búlọ́ọ̀kù bí irú èyí tó pọ̀ ní Ìbàdàn àti Èkó: ilẹ̀ táìlì, iná 230V, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta 13A, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, ínfátà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Tábìlì gùn ní mítà mẹ́ta àtààbọ̀. Ènìyàn márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orí àti ìdí.

Apá nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú iṣẹ́ yìí, alábòójútó ilé tó bá ní sùúrù lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Láti bíréékà dé àpótí inú ilẹ̀, iṣẹ́ oníṣẹ́ iná tó ní ìwé-ẹ̀rí NEMSA ni. Tiyín ni láti mọ ohun tí ẹ máa bi í àti ohun tí ẹ kò ní gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò

Fún iná:

- wáyà bàbà 2.5mm², mẹ́ta: oníná, niútírà àti áàtì, tó ní àmì SON lára
- bíréékà 20A kan tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná 30mA bá jò sí ilẹ̀ tàbí sí ara ènìyàn. RCBO ni wọ́n ń pè é lọ́jà
- àpótí inú ilẹ̀ kan tó ní ìdérí, pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin àti ààyè fún ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́jọ
- àpótí orí tábìlì mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì, àti okùn tirẹ̀ tó ní púlọ́ọ̀gì 13A lẹ́nu
- páìpù 25mm mẹ́ta láti ògiri dé abẹ́ tábìlì

Fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì: káàbù Cat6 tó jẹ́ ògidì bàbà, ihò RJ45 fún ẹnu méjèèjì káàbù kọ̀ọ̀kan, okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúkúrú mẹ́fà (mítà méjì tó), àti súìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ní ihò tó pọ̀ ju ohun tí ẹ rò pé ẹ nílò lọ.

Irinṣẹ́: ohun ìdánwò iná olórí méjì, tẹ́sítà káàbù nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ̀rọ kékeré oníná mẹ́ta tí wọ́n ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láti dán an wò, irin tí wọ́n fi ń tẹ wáyà wọ ihò RJ45, dírílì pẹ̀lú ayùn róbótó, àgádágodo kékeré, bírò aláwọ̀ dúdú tí kì í parẹ́, àti gíláàsì ojú. Sikirudiráfà tó máa ń tan iná pupa, tí gbogbo ènìyàn ń fi sápò, kì í ṣe ohun ìdánwò. Ó lè má tàn níbi tí iná wà. Ẹ má fi ẹ̀mí yín lé e lọ́wọ́.

Kí ẹ tó sanwó káàbù, ẹ ní kí oníṣọ́ọ̀bù gé díẹ̀ fún yín, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ ha wáyà rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun bí fàdákà, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú ni. Ó máa ń kán nínú ihò RJ45, ó sì máa ń gbóná bí ẹ bá fi gbé iná fún kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ Wi-Fi. Ẹ dá a padà, bó ti wù kó pọ́kú tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gbé tábìlì sí ààyè rẹ̀

Kí dírílì tó dún, ẹ gbé tábìlì síbi tó máa wà, ẹ kó àga yí i ká, kí ènìyàn sì jókòó. Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ wọn dé, ibi tí ẹni tó ń gbé tíì wọlé máa gbà, àti ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tábìlì lórí táìlì. Àpótí inú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òjìji tábìlì, láàárín gbùngbùn, níbi tí bàtà àti táyà àga kò ní dé. Bí tábìlì bá ní òpó ńlá ní àárín, ẹ sún àpótí sí ẹ̀gbẹ́ òpó náà, kí ọwọ́ lè dé ibẹ̀. Ẹ wọn ibẹ̀ láti ògiri méjì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ṣọ́ọ̀kì yóò parẹ́ ní ìgbálẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò ẹrù iná

Ṣájà láàpútọ́ọ̀pù tó wọ́pọ̀ kì í ju 65W lọ. Méjìlá rẹ̀ jẹ́ 780W. Ẹ fi tẹlifíṣọ̀n ara ògiri tó ń jẹ 150W kún un, àti kámẹ́rà òun ẹ̀rọ ohùn tó ń jẹ nǹkan bíi 50W, àpapọ̀ kò tó 1,000W. Lórí iná 230V, kò tó 5A. Bíréékà 20A kan gbé gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Kẹ́tùlù ló máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Kẹ́tùlù 2,200W ń fa iná tó sún mọ́ 10A, ìyẹn bí ìlọ́po mẹ́ta gbogbo láàpútọ́ọ̀pù inú yàrá, ẹnì kan yóò sì gbé e wá sórí tábìlì bí kò bá rí ibòmíràn tí yóò ti lò ó. Ẹ fún un ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lára ògiri, lórí bíréékà mìíràn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ife wà. Ohun kan náà ni fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ẹ tún ro ti ínfátà. Ìpàdé wákàtí méjì pẹ̀lú 1,000W yóò jẹ 2kWh. Bátìrì 12V 200Ah kan kò ní ju 2.4kWh lọ nínú rẹ̀ bó bá kún, irú èyí tí wọ́n ń bu omi sí kò sì fẹ́ kí ènìyàn lò ó ju ìdajì lọ. Bí agbára yín bá kéré, súìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ráútà àti tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ fún ní ínfátà. Láàpútọ́ọ̀pù ní bátìrì tirẹ̀, ó lè dúró de jẹnẹrétọ̀. Ráútà kò lè dúró: ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí iná fi ń ti NEPA bọ́ sí jẹnẹrétọ̀ ti tó láti pa á, yóò sì gbà á ní ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó jí, nígbà tí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lórí tẹlifíṣọ̀n ti rò pé ẹ ti já òun sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọ̀nà láti ògiri dé abẹ́ tábìlì

Níbí ni ìpinnu tó le jù wà, nítorí pé táìlì tí wọ́n bá ti fọ́ kò ṣeé dá padà.

Bí ilé bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìdùnnú ni. Ẹ ní kí wọ́n tẹ́ páìpù sílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré, kí wọ́n sì fi ẹyọ kan tó jẹ́ 50mm kún un fún àwọn okùn olórí ńlá bíi HDMI. Ẹ dí ẹnu páìpù pẹ̀lú ìdérí tó le. Bébà sìmẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà ń ki bọ̀ ọ́ yóò jẹ́ kí omi kọnkéré wọlé, páìpù yóò sì di òkúta.

Bí ilé bá ti parí, ẹ bi ara yín bóyá yàrá náà wà nísàlẹ̀ tàbí lókè. Lókè, orí dẹ́kìn ni ẹ wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ dẹ́kìn. Irin tó wà nínú rẹ̀ ló gbé gbogbo yín dúró. Ìpele sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi tẹ́ orí dẹ́kìn kí wọ́n tó lẹ táìlì nìkan ni ẹ lè gé. Ẹ ṣí táìlì kan ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ẹ wọn bó ṣe nípọn tó. Bí kò bá tó 50mm, páìpù 25mm kò ní ní ìbòrí tó tó, táìlì yóò sì sán lórí rẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀. Nísàlẹ̀, gígé rọrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rá dúdú tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ kọnkéré láti dí omi ilẹ̀. Bí ẹ bá lu ú, ọ̀rinrin yóò gòkè wá sínú àpótí iná yín ní ìgbà òjò.

Bí ilẹ̀ kò bá ṣeé gé, tàbí tí onílé kò gbà, ọ̀nà mìíràn wà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ ti orí tábìlì sún mọ́ ògiri tí tẹlifíṣọ̀n wà. Kò sẹ́ni tó ń rìn kọjá láàárín tẹlifíṣọ̀n àti tábìlì nígbà ìpàdé, nítorí náà ìbòrí wáyà tó lẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí tó tẹ́jú tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́, lè gba ibẹ̀ kọjá láìgbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Àwọn mìíràn máa ń sọ òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan kalẹ̀ láti òkè àjà wá sórí tábìlì. Kò rẹwà, ṣùgbọ́n kò léwu. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ tẹ́ okùn iná sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ooru rẹ̀ kò rí ibi jáde, àga ń gún un lójoojúmọ́, ojú kò sì rí ibi tó ti bó.

Iná gba páìpù tirẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gba méjì tó kù. Bí àyè bá wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra ní 50mm. Bí wọ́n bá ní láti kọjá lórí ara wọn, kí ọ̀kan dábùú èkejì bí àgbélébùú. Lóòótọ́ ni iná máa ń da nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàmú, àmọ́ ìdí tó ga jù ni pé bí wáyà iná bá bó nínú páìpù kan náà, 230V lè gun orí káàbù tí àlejò yín ń kì bọ láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pa iná, kí ẹ sì rí i pé ó kú

Ní ilẹ̀ wa, ènìyàn púpọ̀ máa ń dúró kí NEPA mú iná lọ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe pípa iná. Iná lè dé nígbàkígbà, ẹnì kan lè tan jẹnẹrétọ̀, ínfátà sì lè ti máa gbé iná fún sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ rò pé ó kú láìpariwo rárá. Ínfátà ló ń tan àwọn ògbólógbòó oníṣẹ́ pàápàá jẹ.

Ẹ lọ sídìí bíréékà tí iṣẹ́ kàn, ẹ já a, ẹ fi àgádágodo tì í, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara yín, kì í ṣe sórí tábìlì. Ẹ fi ohun ìdánwò olórí méjì wo ibi kan tí ẹ mọ̀ pé iná wà, kí ẹ lè mọ̀ pé ohun ìdánwò náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá fi wo ibi tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́: oníná pẹ̀lú niútírà, oníná pẹ̀lú áàtì, niútírà pẹ̀lú áàtì. Ẹ tún padà fi wo ibi tí iná wà. Bí ohun ìdánwò náà bá kú láàárín méjèèjì, ẹ ó mọ̀.

Nínú ilé tó ti pẹ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀. Láyé àtijọ́, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni wáyà oníná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dúdú sì ni niútírà. Nísinsìnyí, búlúù ti di niútírà. Ilé tí wọ́n kọ́ ní ìpele méjì lè ní àwọn àṣà méjèèjì nínú àpótí kan. Wáyà búlúù tí ẹnì kan pè ní niútírà lè jẹ́ oníná.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: iná dé àpótí inú ilẹ̀

Oníṣẹ́ iná yóò fa 2.5mm² láti bíréékà 20A náà dé àpótí. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ bi í kí ó tó lọ ni áàtì: níbo ni ọ̀pá rẹ̀ wà, ìgbà wo ni wọ́n sì wọ̀n ọ́n kẹ́yìn? Ilé púpọ̀ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹsẹ̀ òkè rẹ̀ kò so mọ́ ohunkóhun. Tábìlì ìpàdé ní ẹsẹ̀ irin àti àpótí irin, ènìyàn méjìlá sì ń fi ọwọ́ àti orúnkún kàn án fún wákàtí pípẹ́. Bí wáyà oníná kan bá fara kan irin náà tí áàtì kò sí, gbogbo tábìlì ni yóò gba iná, bíréékà lásán kò sì ní já. Bí ó bá ní, “Áàtì kò pọn dandan, a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́,” ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì wá ẹlòmíràn.

Agbálẹ̀ yóò da omi ọṣẹ sílẹ̀ lórí táìlì yẹn lójoojúmọ́. Nítorí náà ẹ ra àpótí tí ìdérí rẹ̀ ní rọ́bà tó ń dí omi, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ga ju táìlì lọ díẹ̀, kó má ṣe jẹ́ kòtò tí omi ń ṣàn sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: káàbù nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ihò mẹ́fà fún ènìyàn méjìlá ti tó, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn yóò lo Wi-Fi. Ẹni tó ń fi nǹkan hàn lójú tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni okùn wà fún gan-an. Ẹ fa káàbù mẹ́jọ síbẹ̀síbẹ̀, mẹ́rin nínú páìpù kọ̀ọ̀kan, kí méjì wà ní ìpamọ́. Ẹ fi okùn ọ̀rá kan sílẹ̀ nínú páìpù kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ iwájú.

Káàbù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti súìṣì dé àpótí inú ilẹ̀ láìsí ìjápọ̀ kankan lójú ọ̀nà, kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 90 lọ. Mítà mẹ́wàá tó kù nínú 100 jẹ́ ti àwọn okùn kúkúrú ní ẹnu méjèèjì. Ẹ má fà á bí ẹni fa ẹrú: bó bá há, ẹ tì í láti ẹ̀yìn. Ní ìgun, kí ó yí ní ìrọ̀rùn tó kéré tán ìlọ́po mẹ́rin ìbú rẹ̀.

Ní ẹnu ihò RJ45, ẹ tẹ̀lé ètò kan ṣoṣo ní gbogbo ilé. Èyí tó wọ́pọ̀ ni T568B: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Ẹ má tú lílọ́pọ̀ wáyà ju 13mm lọ. Lílọ́pọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wáyà kan bọ́ sínú èkejì.

HDMI kò lè gba inú páìpù 25mm. Orí rẹ̀ yóò há ní ìgun àkọ́kọ́, ẹ kò sì gbọdọ̀ gé e. Bí kò bá sí páìpù 50mm, ẹ lo ọ̀kan nínú káàbù méjì ìpamọ́ pẹ̀lú àwọn àpótí kékeré méjì tí ń gbé àwòrán HDMI gba orí Cat6.

Ìgbésẹ̀ keje: orí tábìlì

Káfíńtà ló yẹ kó gé ihò orí tábìlì, pàápàá bí igi bá gbówó. Ẹ fún un ní àpótí náà gan-an, kì í ṣe ìwọ̀n orí ìwé. Ẹ kọ́kọ́ yẹ abẹ́ tábìlì wò fún irin tó gba àárín kọjá. Bí ihò bá ti wà, ẹ so àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn, kí ẹ gba okùn wọn gbẹ̀yìn ẹsẹ̀ tábìlì wálẹ̀, kí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan sì wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nínú ilẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹrin jẹ́ ti ẹ̀rọ ìpàdé. Ẹ má ki púlọ́ọ̀gì àpótí kan bọ inú àpótí mìíràn. Ẹ fi okùn sílẹ̀ tó láti ti tábìlì síwá-sẹ́yìn ní ìwọ̀n apá kan, ṣùgbọ́n kó má fi ara kan ilẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ lè ta á.

Ìdánwò

Ẹ tan iná. Ẹ ki ẹ̀rọ oníná mẹ́ta bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, nínú ilẹ̀ àti lórí tábìlì. Yóò sọ bí áàtì bá sọnù tàbí bí oníná àti niútírà bá ti pààrọ̀ ààyè. Kò lè sọ bóyá áàtì náà lágbára. Ẹ̀rọ oníṣẹ́ iná ni yóò sọ ìyẹn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìdánwò ara RCBO: ó gbọ́dọ̀ já lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá fi tẹ́sítà wo káàbù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kí ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sí ẹnu méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ já iná NEPA, ẹ tan jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ráútà kú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Súìṣì kékeré olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n jù sábẹ́ tábìlì nítorí pé káàbù kan ṣoṣo ni wọ́n fà. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ yóò rí okùn tí ẹnu rẹ̀ kan ń fì, yóò sì fi í bọ ihò tó ṣófo lára súìṣì kan náà. Ọ̀rọ̀ á máa yí po nínú rẹ̀ láìdúró, gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yóò dákẹ́, ẹ ó sì fi wákàtí mélòó kan bú ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ihò tábìlì tó ṣí tààrà sínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ti wọ inú ilé owó yín. Ẹ ní kí ẹni tó ń bójú tó súìṣì fi ihò yàrá ìpàdé sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àlejò, kó sì pa èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò.

Adápítọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì fún ohun tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà. Bí ó bá ní 100–240V, kò sí ìyọnu. Bí ó bá ní 120V nìkan, yóò jó. Ẹ tọ́jú adápítọ̀ méjì tó dára sínú àpótí ìtọ́jú, kí àlejò má baà mú tirẹ̀ tó ń mì wá.

Fíúsì 13A nínú púlọ́ọ̀gì tó yẹ kó ní 3A. Fún okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹlifíṣọ̀n, 3A gbé e; 13A yóò jẹ́ kí okùn náà jó kí fíúsì tó já.

Ẹ ya àwòrán ibi tí páìpù gbà nínú ilẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n láti ògiri méjì, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn àpótí bíréékà. Ẹni tó bá fẹ́ lu ìṣó sí ilẹ̀ ní ọdún márùn-ún sí i yóò wò ó níbẹ̀. Ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì RCBO, kí ó ṣí àpótí inú ilẹ̀ láti wo omi àti èéfín dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ó sì fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì nígbà tí ìpàdé bá ń lọ. Èyí tó bá gbóná ju ọwọ́ lọ, kí wọ́n yọ ọ́. Bí RCBO kò bá já, tábìlì náà kò ní iná mọ́ títí oníṣẹ́ yóò fi pààrọ̀ rẹ̀.